Ẹrù Ló Ń Pawó Lókè Ọ̀hún, Kì Í Ṣe Èrò

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Wẹ́dà ni mí, ọ̀nà Takie níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti ń jiyàn láti ìjẹta lórí àwọn olówó bílíọ̀nù tó ń lọ òfuurufú. Ọ̀kan ní irọ́ ni, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe fídíò yẹn. Èkejì ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìnákúnàá ni, owó tó yẹ kí wọ́n fi ṣàánú mẹ̀kúnnù. Èmi ní tèmi, ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni èrè tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀, àti pé ṣé ó máa wálẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwa náà bí GSM ṣe wálẹ̀. Mo ṣì rántí ìgbà tí síìmù káàdì jẹ́ nǹkan olówó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣe gírámà.

Ìdáhùn: Ọ̀gá wẹ́dà, ẹ kú iṣẹ́ náà, ẹ kú oòrùn. Ẹ jẹ́ n yára dá èyí tó ní irọ́ ni lóhùn, torí tiẹ̀ ò le. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2025, Owolabi Salis, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, lọ́yà tó ti du gómìnà Èkó rí, òun àti àwọn márùn-ún mìíì wọ rọ́kẹ́ẹ̀tì Blue Origin ní Texas, wọ́n kọjá 100 kìlómítà sókè, wọ́n sì padà wálẹ̀ láàyè, gbogbo ẹ̀ ò ju bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Tí ìyẹn ò bá tó o, kó jáde síta ní alẹ́ ọjọ́ tí ojú sánmà bá mọ́, kí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ tán, kó wo ISS, ibùdó tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ kọ́ sókè níbi tí àwọn èèyàn ń gbé, bó ṣe ń kọjá. Ó máa ń mọ́lẹ̀ ju ìràwọ̀ lọ, á máa lọ tààrà láìdúró, ìṣẹ́jú mélòó kan ó ti lọ. Tó bá ń ṣẹ́jú pupa báàlù ni. NASA, àjọ òfuurufú ìjọba Amẹ́ríkà, ní áàpù tó ń sọ àkókò tó máa kọjá lórí ìlú kọ̀ọ̀kan, ọ̀fẹ́ ni. Ìgbà ọyẹ́ ò dáa fún un sha, eruku ò ní jẹ́ kó rí nǹkan kan.

Ó yá, ká wá sọ̀rọ̀.

Ìrìn àjò méjì ló wà, wọn ò jọra rárá, àmọ́ ìròyìn máa ń dà wọ́n pọ̀. Ti àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ́ gòkè, ẹ̀ẹ́ débi kan, ẹ̀ẹ́ sì jábọ̀. Ìyẹn ni Richard Branson, olówó ará ìlú Gẹ̀ẹ́sì, lọ ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2021 nínú ọkọ̀ Virgin Galactic tó dá sílẹ̀, ó dé bíi 86 kìlómítà, ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn ẹ̀ ni Jeff Bezos tó dá Amazon sílẹ̀ náà lọ nínú New Shepard, rọ́kẹ́ẹ̀tì Blue Origin tó jẹ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀, òun dé 107. Kí Branson tó fò rárá ni ilé iṣẹ́ Bezos ti bọ́ sórí Twitter tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ibi tó ń lọ ò tíì dé òfuurufú gan-an, torí ọ̀pọ̀ ayé gbà pé 100 kìlómítà ni ààlà, Amẹ́ríkà ní tiwọn ní 80 ti tó. Àgbà olówó méjì ń jà nítorí kìlómítà mélòó kan! 100 kìlómítà yẹn náà ò ju ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìbàdàn lọ o, ká kàn gbé títì náà nàró.

Ìrìn àjò kejì ni kí èèyàn gòkè kó má sì jábọ̀, kó máa yí ayé po. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Àwọn èèyàn rò pé àwọn tó ń léfòó nínú ISS, ilẹ̀ ò fà wọ́n mọ́ ni, kò rí bẹ́ẹ̀ o, níbi gíga 400 kìlómítà yẹn agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan ṣì kù tó bíi ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Wọ́n ń jábọ̀ ni, àwọn àti ọkọ̀ tí wọ́n wà nínú ẹ̀ jọ ń jábọ̀ pọ̀, àmọ́ eré tí wọ́n ń sá síwájú pọ̀ débi pé bí wọ́n ṣe ń wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ń rọ̀ kúrò lábẹ́ wọn, torí ayé rí roboto, wọn ò sì bá a láé. Eré yẹn tó 28,000 kìlómítà ní wákàtí kan. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 wọ́n ti yí gbogbo ayé ká lẹ́ẹ̀kan. Ti Bezos lọ́jọ́ yẹn ò ju bíi 3,600 lọ. Ẹ máa rò pé ìlọ́po mẹ́jọ lásán ni, àmọ́ agbára tí eré ń gbà kì í lọ bẹ́ẹ̀, tí eré bá di ìlọ́po mẹ́jọ, agbára á di ìlọ́po mẹ́jọ lọ́nà mẹ́jọ, ìyẹn lé ní ọgọ́ta. Ìdí nìyẹn tí Virgin Galactic fi ta tíkẹ́ẹ̀tì tiwọn ní 450,000 dọ́là lọ́dún 2021, tí àwọn oníṣòwò tó lọ ISS ní oṣù kẹrin 2022 pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Axiom sì san bíi mílíọ̀nù 55 dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí GSM yín ti yàtọ̀ nìyẹn. Lọ́dún 2001 tí GSM wọlẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà ni síìmù, lónìí wọ́n ń fẹ́rẹ̀ẹ́ fi tọrẹ lábẹ́ àgbòjò. Ohun tó já a wálẹ̀ ni pé àwọn nǹkan inú fóònù àti inú máàsìtì ṣeé mú kéré, ọdọọdún ni wọ́n ń mú un kéré sí i, tó bá kéré owó ẹ̀ náà á kéré. Èèyàn ò ṣeé mú kéré. Ẹni tó bá wọn 70 kílò lónìí, 70 kílò náà ni wọ́n máa gbé lọ́dún 2050, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó máa mí, omi, oúnjẹ, àga, àti irin tó máa dáàbò bò ó. Epo náà ò ṣeé bá dúnàádúrà. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9 ti SpaceX, ilé iṣẹ́ Elon Musk, tó bá dúró sílẹ̀ tí epo kún inú ẹ̀, ó tó 549 tọ́ọ̀nù, ẹrù tó lè gbé dókè ò sì lé ní 23, ìyẹn náà tí wọ́n bá gbà kí rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣòfò. Epo ló pọ̀ jù nínú ìyókù: kẹrosíìnì tí wọ́n sẹ́ dáadáa, pẹ̀lú ọ́síjìn. Ọ́síjìn tó wà nínú sìlíńdà yín náà ni o, wọ́n kàn mú un tutù títí tó fi di omi. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí ọ́síjìn ń ṣe fún iná.

Torí náà, ìdáhùn mi sí apá yẹn: rárá. Tíkẹ́ẹ̀tì lè wálẹ̀ díẹ̀, àwọn olówó tó tún kéré sí ti ìsinsìnyí lè máa lọ, àmọ́ èmi ò rí ọjọ́ tí a máa dúró sí gáráàjì Takie tí wọ́n á máa pe òfuurufú. Ẹni tó bá ń fi ìyẹn tan èèyàn gba owó, ẹ sá fún un.

Nígbà náà kí ni wọ́n ń lépa? Ẹ jẹ́ n padà sẹ́yìn díẹ̀. Olówó àkọ́kọ́ tó fi owó ara ẹ̀ lọ ni Dennis Tito, ará Amẹ́ríkà, oṣù kẹrin 2001, wọ́n ní ó tó mílíọ̀nù 20 dọ́là, rọ́kẹ́ẹ̀tì Rọ́ṣíà ló sì wọ̀ torí NASA ò fẹ́ ẹ rárá, àwọn ará Rọ́ṣíà ní tiwọn ń wá owó lójú méjèèjì. Ọdún kejì ẹ̀ ni Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa tó ta ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀, náà lọ. Ní 2004 Paul Allen tó bá Bill Gates dá Microsoft sílẹ̀ gbé owó kalẹ̀, Burt Rutan ya ọkọ̀ SpaceShipOne, wọ́n sì gba ẹ̀bùn mílíọ̀nù 10 dọ́là tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá kọ́kọ́ gbé èèyàn kọjá 100 kìlómítà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Gbogbo ìyẹn, ìgbafẹ́ ni mo kà á sí.

Elon Musk ló yí ọ̀rọ̀ náà padà, kì í sì í ṣe pé mo fẹ́ràn ẹnu ẹ̀. Lọ́dún 2002 ló dá SpaceX sílẹ̀, wọ́n kọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré kan tó ń jẹ́ Falcon 1, wọ́n gbé e lọ sí erékùṣù kan ní Kwajalein láàárín agbami Pacific. 2006, ó jábọ̀. 2007, kò débẹ̀. Oṣù kẹjọ 2008, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀: rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn jẹ́ apá méjì, apá ìsàlẹ̀ máa ń tì í dé ibì kan, á já kúrò, apá òkè á wá máa lọ. Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì ìsàlẹ̀, wọ́n já a kúrò, àmọ́ agbára díẹ̀ ṣì kù nínú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti pa yẹn, díẹ̀ báyìí, ó wá ti apá ìsàlẹ̀ síwájú, ó lọ gbá ìdí èyí tó wà lókè, gbogbo ẹ̀ bàjẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni wọ́n ì bá fi dúró kí wọ́n tó já a. Ohun tí wọ́n tún ṣe nínú èyí tó tẹ̀ lé e ò ju ìyẹn lọ náà, wọ́n fi àkókò kún un, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án 2008 ó dókè. Musk fúnra ẹ̀ ti sọ ọ́ pé owó ti tán nílẹ̀ nígbà yẹn, tí ìyẹn náà bá bàjẹ́ ó parí nìyẹn. Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ ni NASA fún un ní kọ̀ǹtíráàtì bílíọ̀nù 1.6 dọ́là kó máa bá wọn kó ẹrù lọ ISS, ẹ̀ẹ̀mejìlá. Ẹ fi ọkàn sí i o: ẹrù. Ìjọba ló sì san án.

Ohun tó wá ṣe lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ gan-an. Tẹ́lẹ̀, bí ẹni tó ra tírélà tuntun ni ọ̀rọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì, ó kó mángòrò Ògbómọ̀ṣọ́ dé Kánò, ó já mángòrò kalẹ̀, ó wá ti tírélà bọ inú odò, ó di ìgbà mìíì kó tún ra òmíì. Gbogbo ayé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Space Shuttle ti Amẹ́ríkà ń padà wálẹ̀ láti 1981 lóòótọ́, àmọ́ àtúnṣe tó ń gbà láàárín ìrìn kan sí ìkejì ń jẹ owó àti oṣù tó pọ̀, ní 2011 wọ́n pa á tì, Amẹ́ríkà wá ń bẹ Rọ́ṣíà kó máa bá wọn gbé èèyàn lọ títí di oṣù karùn-ún 2020 tí SpaceX gbé àwọn ará NASA méjì lọ.

Alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù kejìlá 2015 ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù wá wò, fídíò ẹ̀ wà níta. Falcon 9 gbéra ní Florida. Ní bíi ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ apá ìsàlẹ̀ já kúrò, ó ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ o, inú ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ó yí padà lókè, ó tan iná láti dẹ eré kù, ó na ìyẹ́ irin mẹ́rin tó rí bíi àwọ̀n láti fi darí ara ẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, ó ń bọ̀ wálẹ̀ tìdítìdí, nígbà tó kù díẹ̀ kó kanlẹ̀ ó tan ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo tó wà láàárín, ẹsẹ̀ mẹ́rin ṣí jáde, ó dúró. Ẹ́ńjìnnì yẹn tí wọ́n bá tiẹ̀ dín agbára ẹ̀ kù dé ibi tó lè kù dé, ó ṣì lágbára ju ìwúwo rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti gbẹ yẹn lọ, ìyẹn ni pé kò lè dúró lójú kan sókè kó máa wá ibi tó máa bà sí. Tó bá pẹ́ jù kó tó tan iná ẹ̀, ó gbá ilẹ̀. Tó bá tètè tàn án, á tún gòkè padà. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ LAUTECH ní ẹ̀rọ, mo pariwo. Lónìí ó ti lé ní ìgbà ọgbọ̀n tí ọ̀kan nínú àwọn rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ti lọ tó sì ti bọ̀.

Ẹ máa rò pé owó ẹ̀ wá já wálẹ̀ fún àwọn oníbàárà. Kò já tó bẹ́ẹ̀! Ní 2022 wọ́n tiẹ̀ gbé iye Falcon 9 kan láti mílíọ̀nù 62 dọ́là sí 67, wọ́n ní ọjà wọ́n. Kò sí ẹni tó ń bá wọn du ọjà ní tòótọ́, kí ló máa wá jẹ́ kí wọ́n dín in kù? Owó tí wọ́n ń fi pamọ́ nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń padà wálẹ̀, wọ́n fi ń kó ẹrù ara wọn ni. Lọ́dún 2024 Falcon gbéra lé ní ìgbà 130, ìyẹn tó ìdajì gbogbo rọ́kẹ́ẹ̀tì tó dókè láyé lọ́dún náà, ohun tó sì pọ̀ jù nínú ẹ̀ ni Starlink, sátẹ́láìtì íntánẹ́ẹ̀tì tiwọn. Ṣé ẹ ti rí èrè tí ẹ ń bèèrè báyìí? Dáta ni wọ́n ń tà.

Ìyẹn gan-an ti dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ ò kàn fi orúkọ pè é ni. Nàìjíríà ni Starlink kọ́kọ́ wọ̀ ní gbogbo Áfíríkà, oṣù kìíní 2023. Ẹ lọ sí Under G lẹ́gbẹ̀ẹ́ LAUTECH, ẹ wo orí òrùlé ilé akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀ẹ́ rí pátákó funfun pẹlẹbẹ kan tó kọjú sókè, wáyà kan ló sọ̀ kalẹ̀ látinú ẹ̀ wọ yàrá ẹnì kan, ẹni yẹn ló ń ta Wi-Fi fún gbogbo ilé. Kì í yí bí àwọn díìṣì ńlá ayé àtijọ́ tí èèyàn ń gun òrùlé lọ yí tí bọ́ọ̀lù bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Inú ẹ̀ kún fún eriali kéékèèké tó pọ̀, kọ̀ǹpútà inú ẹ̀ ló ń pinnu èyí tó máa kọjú síbo, torí sátẹ́láìtì tó ń bá sọ̀rọ̀ ń sáré kọjá lókè, ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti wọ̀, ó gbọ́dọ̀ ti mú òmíì kí fídíò tó já. Ọ̀tá tó ní l'Ógbómọ̀ṣọ́ ni igi mángòrò. Ẹ̀ka kan tó bá gba ojú sánmà níwájú ẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì á máa já á máa padà.

Ìdí tó fi yá ni pé ibi tí àwọn sátẹ́láìtì yẹn wà ò ga ju bíi 550 kìlómítà lọ. NigComSat, sátẹ́láìtì tiwa ní Nàìjíríà, wà ní bíi 35,800 kìlómítà, ọ̀rọ̀ ń pẹ́ kó tó lọ kó tó bọ̀, ẹni tó bá ti fi irú ẹ̀ ṣe fóònù mọ̀ bí ohùn ṣe ń lọ́ra. Àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo tó bá ga tó yẹn ń rí gbogbo Áfíríkà, èyí tó wà nísàlẹ̀ ń rí àgbègbè kékeré, ìdí nìyẹn tí Starlink fi ní ju 7,000 lọ lókè, àti ìdí tó fi máa ná ẹni tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kì í padà wálẹ̀ lówó gan-an láti ṣe irú ẹ̀. Kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì nìkan o. Lọ́dún 2017 àwọn ọmọ FUTA ní Àkúrẹ́ bá yunifásítì Kyutech ní Japan ṣe sátẹ́láìtì kékeré kan, Nigeria EduSat-1, sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, Falcon 9 ló gbé e dé ISS ní oṣù kẹfà, oṣù keje ni wọ́n tú u sílẹ̀ látibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mẹ̀kúnnù tí ọmọ yín kejì sọ, mi ò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Nígbà tí Bezos sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Amazon àtàwọn oníbàárà, ó ní àwọn ni wọ́n sanwó ẹ̀. Òótọ́ ló sọ, ìdí nìyẹn tó fi dun ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìjókòó kan nínú ọkọ̀ yẹn, mílíọ̀nù 28 dọ́là ni ẹnì kan fi gbá a nígbà tí wọ́n tà á ní gbàǹjo, ẹni náà ò tún ráyè lọ lọ́jọ́ náà, ọmọ ọdún 18 kan ló bá wọn lọ. Ìyẹn, ìnákúnàá ni, mi ò bá a jiyàn. Àmọ́ ohun tó ń kó mi lọ́kàn sókè ju ìgbafẹ́ wọn lọ ni pé ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, SpaceX, ló ni rọ́kẹ́ẹ̀tì, òun náà ló ni sátẹ́láìtì, òun ló ń dá iye lé e. Ní oṣù kẹwàá 2024 wọ́n fẹ́ gbé owó oṣooṣù Starlink ní Nàìjíríà láti ₦38,000 sí ₦75,000, NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn ilé iṣẹ́ fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, ní kí wọ́n dúró ná, nígbà tó yá owó náà ṣì gòkè. Ta la fẹ́ lọ bá? Àdéhùn àgbáyé ti 1967 lórí òfuurufú sọ pé kò sí orílẹ̀-èdè tó lè ní in, kò sọ ohun tí a máa ṣe tí oníṣòwò kan bá kó ọjà ibẹ̀ pọ̀ sọ́wọ́. Bezos ti ń gbìyànjú, New Glenn rẹ̀ dókè ní oṣù kìíní 2025, ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn apá ìsàlẹ̀ ẹ̀ náà balẹ̀ sórí ọkọ̀ ojú omi. Kó yá wọn lára. Ìjà olówó méjì, tó bá já sí pé dáta rọ̀, mo fara mọ́ ọn.

Ewu ńkọ́? Ó ń pa èèyàn. Ọkọ̀ Virgin Galactic tú ká lókè ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 2014, Michael Alsbury tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ méjèèjì kú. Òfin Amẹ́ríkà ò tíì fi ọwọ́ líle mú ààbò èrò ibẹ̀ bíi ti báàlù, ẹ̀ẹ́ kàn fọwọ́ síwèé pé ẹ mọ̀ pé ó léwu.

Ó ku ohun kan tí ẹ ò bi mí, àmọ́ wẹ́dà ni yín, ó yẹ kí ẹ gbọ́. Starship, rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá tí SpaceX ń dán wò báyìí, tí apá ìsàlẹ̀ ẹ̀ padà wá ní oṣù kẹwàá 2024 tí ọwọ́ irin méjì lára òpó sì gbà á mú kó tó kanlẹ̀, irin stainless ni wọ́n fi ṣe é. Nǹkan bíi okùn carbon ni wọ́n fẹ́ lò tẹ́lẹ̀, ó wọ́n, ó sì ń bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn. Stainless ò wọ́n tó ìdá kékeré nínú ẹ̀, tó bá tutù gan ó tún ń le sí i ni, tó bá gbóná ó ń fara dà á. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Boca Chica ní Texas, gbangba ìta àti abẹ́ téǹtì ni àwọn wẹ́dà ti ń jó o, afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ lù wọ́n, àwọn kan nínú tánkì àkọ́kọ́ bẹ́ lójú ibi tí wọ́n jó pọ̀, wọ́n gé e, wọ́n tún un jó. Irú jíjó irin tí wọ́n ń pè ní TIG, pẹ̀lú gáàsì argon, ni irú irin bẹ́ẹ̀ ń fẹ́, èyí tí wọ́n ń lò fún tánkì wàrà àti ẹ̀rọ ilé ìwòsàn. Tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn bá lọ́wọ́ tó dúró ṣinṣin, ẹ mú un wá bá mi, ẹ̀rọ TIG kan wà ní wọ́kìṣọ́ọ̀bù tí mi ò rí ẹni gidi tó máa lò ó, kó wá fi ọwọ́ sí i láti ọjọ́ Ajé, mi ò ní gba kọ́bọ̀. Argon nìkan ni kẹ́ ẹ bá mi dá owó ẹ̀.